Máínọ̀ nípa àyíká: ṣé ẹ̀kọ́ gidi ni àbí àdàlù?

AkápòỌ̀la

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin ojúgbà. Ọdún kejì ni mo wà ní yunifásítì, ìṣirò owó ni mò ń kà. Wọ́n gbà wá láyè láti mú ẹ̀kọ́ kékeré kan mọ́ èyí tí a torí rẹ̀ wọlé, ohun tí gbogbo wa ń pè ní máínọ̀. Èyí tó dá lórí àyíká ló wù mí. Àmọ́ nígbà tí mo ṣí àkójọ kọ́ọ̀sì rẹ̀, ó rú mi lójú: báyọ́lọ́jì wà níbẹ̀, òfin wà níbẹ̀, jọ́gíráfì, ìtàn, ọrọ̀ ajé, títí kan fìlọ́sọ́fì. Nínú bí ọgbọ̀n kọ́ọ̀sì, mẹ́fà péré ni màá mú.

Ẹ bá mi dá sí i. Ẹ̀kọ́ gidi ni àbí àdàlù? Ṣé ẹni tí kò gbọ́ sáyẹ́ǹsì dáadáa láti ilé ẹ̀kọ́ girama á lè ṣe é? Báwo ni mo ṣe fẹ́ mú mẹ́fà tí kò ní dà bí àkísà tí wọ́n rán pọ̀? Ẹni tó ti ṣe é parí àti ẹni tó bẹ̀rẹ̀ tó já a sílẹ̀, mo fẹ́ gbọ́ tẹnu ẹ̀yin méjèèjì.

OdòṢàn

Àbúrò, o káre. Ìmọ̀ ẹ̀rọ ni mo kà, iṣẹ́ omi ni mo fi ń jẹun láti bí ọdún méjìlá. Mo ṣe máínọ̀ yìí. Ẹ̀kọ́ gidi ni, ṣùgbọ́n ó máa ń di àdàlù lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ ohun tó ń wá.

Jẹ́ kí n fi Òkun Aral ṣàlàyé. Adágún ni, láàárín Kazakhstan àti Uzbekistan. Títí di nǹkan bí 1960, òun ló ṣìkẹrin nínú àwọn adágún tó tóbi jù lọ láyé. Odò méjì ló ń bọ́ ọ, Amu Darya àti Syr Darya. Ìjọba Soviet wá darí omi odò méjèèjì lọ sí oko òwú. Tó bá jẹ́ ojú onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan la fi wò ó, iṣẹ́ tó yọrí ni: omi dé oko, òwú hù. Àwọn tó gbẹ́ ipa omi yẹn kì í ṣe òpè. Àmọ́ adágún ń fà. Iyọ̀ pọ̀ nínú omi tó kù débi pé ẹja kú, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ apẹja, ọkọ̀ ojú omi jókòó gẹlẹtẹ sórí iyanrìn. Ilẹ̀ abẹ́ omi tó ti gbẹ di eruku tó kún fún iyọ̀ àti oògùn oko, afẹ́fẹ́ ń gbé e wọ ilé, àwọn èèyàn ń fà á símú. Wá sọ fún mi, ìṣòro ta nìyí? Ti onímọ̀ ẹ̀rọ ni? Ti dókítà? Ti onímọ̀ ọrọ̀ ajé? Kò sí ẹ̀ka kan tó lè dá a gbé, ohun tó bí irú máínọ̀ yìí nìyẹn.

Ní 2005, wọ́n parí ìdídò kan tó ń jẹ́ Kok-Aral ní apá àríwá. Omi padà gòkè níbẹ̀, ẹja padà sí i. Apá gúúsù ò rí irú ẹ̀. Onímọ̀ ẹ̀rọ ló kọ́ ìdídò náà o, àmọ́ kì í ṣe ìṣirò kọnkéré ló sọ pé àríwá ni kí wọ́n gbà là.

Òótọ́Korò

Èmi á ta kò yín díẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ máínọ̀ yìí, mo já a sílẹ̀ lẹ́yìn kọ́ọ̀sì mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi bẹ̀rẹ̀: ayé ń gbóná, igbó ń tán, ìdọ̀tí ń pọ̀. Olùkọ́ kọ̀ọ̀kan fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sọ ọ́, torí kò mọ ẹni tó ti gbọ́ ọ rí nínú wa. Mo kọ́ ìfáárà lẹ́ẹ̀mẹta, mi ò kọ́ ìjìnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo kó àyè tó kù lọ fún sitatísítíìkì, mi ò sì kábàámọ̀ rẹ̀ títí dòní. Ẹni tó fẹ́ gbà ọ́ síṣẹ́ kì í ka ìlà kejì lórí ìwé ẹ̀rí rẹ.

ÀmúDánwò

Òótọ́ pọ̀ nínú ohun tí Òótọ́Korò sọ. Mò ń kọ́ni ní yàrá àyẹ̀wò kẹ́mísírì, mo sì máa ń rí àwọn tó ti ẹ̀ka mìíràn wá tí wọ́n kàn ń ṣa kọ́ọ̀sì ìpele àkọ́kọ́ jọ, torí pé ẹnikẹ́ni ló lè wọ̀ ọ́. Kọ́ọ̀sì ìfáárà kan ṣoṣo, ó tó. Kí ó kéré tán méjì nínú mẹ́fà jẹ́ èyí tí àwọn ọmọ ẹ̀ka yẹn gan-an ń ṣe ní ọdún kẹta. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi "nǹkan ń bàjẹ́" sílẹ̀, tí wọ́n á wá kọ́ ọ bí a ṣe ń mọ̀ pé ó ń bàjẹ́, àti iye tí a lè fi ṣìṣe.

Ní ti sáyẹ́ǹsì, má fòyà. Kì í ṣe gbogbo kẹ́mísírì lo nílò. Kó o ṣáà lè tọpa ohun kan láti ibi tó ti jáde dé ibi tó wọlé sí. Carbon jáde látinú epo tí a sun, ó bọ́ sínú afẹ́fẹ́, díẹ̀ wọnú òkun, díẹ̀ wọ ara igi, ìyókù dúró sókè. Nitrogen inú ajílẹ̀ bá òjò kúrò lóko, ó wọ odò, èéhù inú omi jẹ ẹ́ yó, ó bo ojú omi pátá. Nígbà tó bá kú tó ń jẹrà, á gba atẹ́gùn tí ẹja fi ń mí mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìwọ tí o mọ owó tó wọlé àti owó tó jáde, tó o sì mọ̀ pé ìwé gbọ́dọ̀ bára mu nígbẹ̀yìn, o ti mọ ìdajì rẹ̀.

Ibi tó máa dùn mọ́ ọ nínú rẹ̀ nìyí. Methane máa ń mú ooru dúró ju carbon dioxide lọ fíìfíì, àmọ́ kì í pẹ́ lójú sánmà. Bí ọdún 12 ló ń lò kó tó tú ká. Tí wọ́n bá wá ní kó o sọ iye tọ́ọ̀nù carbon dioxide tí tọ́ọ̀nù methane kan jẹ́, èsì rẹ dá lórí iye ọdún tó o fẹ́ kà. Ka ọdún 100, ó jẹ́ nǹkan bíi 28. Ka ọdún 20, ó ju 80 lọ. Kẹ́mísírì ló fún wa ní nọ́ńbà méjèèjì, ṣùgbọ́n kẹ́mísírì ò lè sọ èyí tó yẹ kó o kọ sínú ìwé. Ẹni tó bá mú ọ̀kan ti ṣèpinnu lórí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn, bóyá ó mọ̀ tàbí kò mọ̀.

ÌwéÒfin

Ẹ jẹ́ kí n gbà á níbi tí ÀmúDánwò bá a dé. Agbẹjọ́rò ni mí, mo sì ṣe máínọ̀ yìí kí n tó lọ kọ́ òfin. Ohun tó kọ́kọ́ sú mi ni pé sáyẹ́ǹsì àti òfin ò fi ojú kan náà wo "ó dá mi lójú". Nínú ọ̀pọ̀ ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn, ohun tí kóòtù ń wá kò ju pé kí ó jọ pé ó ṣẹlẹ̀ ju pé kò ṣẹlẹ̀ lọ. Onísáyẹ́ǹsì kì í fẹ́ la ẹnu títí yóò fi rí i pé kì í ṣe kòńgẹ́ lásán. Ààlà tí wọ́n sábà máa ń lò ni pé kí irú èsì bẹ́ẹ̀ má lè ti inú kòńgẹ́ lásán wá ju ẹ̀ẹ̀marùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Pe àwọn méjèèjì sí yàrá kan, bi wọ́n bóyá ilé iṣẹ́ kan ló ba omi jẹ́, wọ́n lè wo ìwé kan náà kí ọ̀kan ní bẹ́ẹ̀ ni, kí èkejì ní ká ṣì ní sùúrù. Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú wọn.

Sùúrù yẹn lówó lórí. Ẹ wo Minamata ní Japan. 1956 ni wọ́n ti kéde àìsàn náà: ọwọ́ ń gbọ̀n, ẹsẹ̀ ò gbé èèyàn mọ́, ojú ń ṣú, wọ́n ń bí ọmọ tòun ti àìsàn. Ní 1959, àwọn olùwádìí Yunifásítì Kumamoto ti tọ́ka sí mercury tó wà nínú ẹja. Ọdún 1968 ni ìjọba tó wá gbà pé omi ìdọ̀tí ilé iṣẹ́ kan ló fà á. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko! Omi ìdọ̀tí ń ṣàn lọ, àwọn èèyàn ń jẹ ẹja.

Wọ́n ti ṣe é dáadáa níbòmíràn náà. Mario Molina àti Sherwood Rowland ló kọ́kọ́ sọ ní 1974 pé CFC, afẹ́fẹ́ inú fíríìjì àti agolo tí a ń fín, lè ba ozone òkè jẹ́, ìyẹn gáàsì tó ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn tó léwu. Ní 1985, àwọn onísáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé ozone ti fẹ́lẹ́ lórí Antarctica débi tẹ́nì kan ò rò. Wọ́n fọwọ́ sí Àdéhùn Montreal ní oṣù kẹsàn-án 1987. Ìgbà yẹn, àríyànjiyàn ò tíì parí lórí ohun tó ṣe é gan-an. Àmọ́ wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn náà pé kí wọ́n máa padà wá yẹ̀ ẹ́ wò bí ìmọ̀ bá ṣe ń pọ̀ sí i, nígbà tó sì yá wọ́n dá owó jọ fún àwọn orílẹ̀-èdè tí agbára wọn ò ká pípààrọ̀ ẹ̀rọ. Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ló ti gbà á. Kẹ́mísírì ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó mọ bí a ṣe ń kọ àdéhùn ló jẹ́ kó dúró.

Ìmọ̀ràn mi kò ju ọ̀kan lọ: tó o bá fẹ́ mú kọ́ọ̀sì òfin, mú èyí tí wọ́n ti máa ń ka àdéhùn kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kì í ṣe èyí tí wọ́n ti ń ka orúkọ ogójì àdéhùn fún yín.

Àlọ́Ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin onísáyẹ́ǹsì àti ẹ̀yin agbẹjọ́rò, ẹ rọra, ẹ má lé ọmọ yìí sá 😄

Lítíréṣọ̀ ni mo kà. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ máínọ̀ yìí ni pé bí a ṣe ń kọ iṣẹ́ yàtọ̀ láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka. Wọ́n ní ká lọ wọn ìdọ̀tí inú odò, ká kọ ìjábọ̀. Mo kọ ojú ìwé mẹ́fà. Mo ṣàpèjúwe ìkùukùu òwúrọ̀ lórí omi, mo sọ bí omi ṣe ń dún, mo fi ìbéèrè tó mú ọkàn gbọgbẹ́ kádìí rẹ̀. Bírò pupa ni olùkọ́ fi kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta sí i lábẹ́: "Níbo lèsì wà?" Máàkì tí mo gbà, ẹ jẹ́ kó wà láàárín èmi àti Ọlọ́run. Nígbà tó di ọdún kejì, ọmọ físíìsì kan tí a jọ wà ní kọ́ọ̀sì ìtàn kọ ìwádìí rẹ̀ ní ìlà ṣókí ṣókí bí ẹni kọ àkọsílẹ̀ yàrá àyẹ̀wò, òun náà gba tiẹ̀. Kó o tó kọ iṣẹ́ àkọ́kọ́ ní ẹ̀ka tí kì í ṣe tìẹ, bẹ olùkọ́ kó fi iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan tó dára hàn ọ́. Wọn kì í bínú.

Ẹ tún má fojú kéré ọ̀rọ̀ ẹnu. Wangari Maathai kà nípa ẹ̀dá oníyè, ẹ̀yà ara ẹranko ló fi gba oyè dókítà. Ohun tó mú un dá ẹgbẹ́ Green Belt tó ń gbin igi sílẹ̀ ní Kenya ní 1977 ni ọ̀rọ̀ tó gbọ́ lẹ́nu àwọn obìnrin ìgbèríko: odò ń gbẹ, igi ìdáná ti di ọ̀nà jíjìn. Ní 2004, ẹ̀bùn Nobel ti àlàáfíà ni wọ́n fún un. Ẹni tó bá bá mi sọ pé kí ni igi gbé ti àlàáfíà, àwa méjèèjì á jọ jókòó.

ÀwòránIlẹ̀

Ẹnì kan ò tíì dárúkọ GIS! Ìyẹn ìmọ̀ yíya àwòrán ilẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Tó o bá mọ̀ ọ́n, gbogbo àwọn tó ti sọ̀rọ̀ lókè yìí máa nílò rẹ.

Kì í ṣe nǹkan àná. Ní 1854, kọ́lẹ́rà ń pa àwọn èèyàn ní London. Dókítà John Snow fi àmì sí ilé tí èèyàn ti kú lórí àwòrán àdúgbò, àmì náà sì pọ̀ jọ yí ẹ̀rọ ìfami kan ká lójú pópó Broad. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò tíì gbà nígbà náà pé inú omi ni àìsàn yẹn ń gbà. Òun gan-an ti ń fura tẹ́lẹ̀, àwòrán náà ló fi han àwọn ẹlòmíràn ìdí tó fi ń fura.

Lóde òní, sátẹ́láìtì Landsat ti ń ya ilẹ̀ ayé láti 1972, láti 2008 ni àwòrán rẹ̀ sì ti di ọ̀fẹ́. QGIS tí a fi ń ṣí i náà, ọ̀fẹ́ ni. O lè jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ kó o máa wo Òkun Aral tí OdòṢàn sọ bó ṣe ń fà ní ọdún dé ọdún. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ lóru ọjọ́ kan, mi ò sùn.

AyẹÌwéWò

AkápòỌ̀la, oníṣirò owó bíi tìẹ ni mí, mo ń yẹ ìwé àwọn ilé iṣẹ́ wò. Òótọ́Korò ní wọn kì í ka ìlà kejì. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀ka tirẹ̀. Ní tiwa, ilẹ̀ ti ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Ní oṣù kẹfà 2023, ìgbìmọ̀ àgbáyé tí wọ́n ń pè ní ISSB, tó ń ṣe ìlànà fún ohun tí ilé iṣẹ́ máa ròyìn, gbé ìlànà méjì jáde, IFRS S1 àti IFRS S2. Ti ojú ọjọ́ ni ìkejì. Níbi tí wọ́n bá ti gbà á wọlé, ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ìyípadà ojú ọjọ́ lè ṣe sí owó rẹ̀, kó sì sọ iye èéfín tó ń tú. Irú àwa yìí la máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ta ló kọ́ wa?

Ìpín mẹ́ta ni wọ́n pín èéfín náà sí. Ìpín kìn-ín-ní ni èyí tó jáde látinú ẹ̀rọ àti ọkọ̀ ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ìkejì ni èyí tó bá iná mànàmáná tó rà wá. Ìkẹta ni gbogbo ìyókù: ti ẹni tó ta ohun èlò fún un, ti ẹni tó bá a kó ẹrù, ti oníbàárà tó ra ọjà tó lọ ń lò ó. Wò ó dáadáa, wàá rí i pé èéfín tó wà ní ìpín kẹta tèmi ni ìpín kìn-ín-ní ẹlòmíràn. Ó dáa, ta ló wá ni èéfín? Mo ti jókòó nínú ìpàdé kan tí ìbéèrè yìí ti gba wákàtí méjì. Onímọ̀ ẹ̀rọ ń sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ, agbẹjọ́rò ń sọ̀rọ̀ ìwé àdéhùn, èmi ń sọ̀rọ̀ ìwé owó, kò sì sí ẹni tó ń gbọ́ ẹnìkejì. Ọmọbìnrin kan tó ṣe irú máínọ̀ tó o fẹ́ ṣe yìí ló ń túmọ̀ wa fún ara wa. Òun ló kéré jù lọ níbẹ̀.

Má yẹ kọ́ọ̀sì ọrọ̀ ajé àyíká sílẹ̀ o. Onímọ̀ ọrọ̀ ajé máa ń dín iye ohun tó ṣì ń bọ̀ kù kó tó fi wé owó òní. Ṣe ìṣirò yìí fúnra rẹ. Àdánù mílíọ̀nù kan ń bọ̀ ní ọdún 100 sí òní. Tó o bá fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún dín in kù lọ́dọọdún, iye rẹ̀ lónìí á jẹ́ nǹkan bíi 370,000. Lo ìdá márùn-ún, á di nǹkan bíi 7,600. Ìjàǹbá kan náà ni, àwọn tó máa jẹ ìyà rẹ̀ náà ni. Ẹni tó mú ìdá márùn-ún ti sọ ohun ńlá kan nípa bí ọmọ ọmọ wa ṣe jọ ọ́ lójú tó, inú ìṣirò ló kàn fi í pamọ́ sí. Fìlọ́sọ́fì tó o rí nínú àkójọ tó rú ọ lójú, iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀ nìyẹn.

OdòṢàn

"Ta ló ni èéfín?" AyẹÌwéWò, ẹ ti bá a rí i. Àbúrò, nígbà tí mo ní kéèyàn mọ ohun tó ń wá, irú ìbéèrè tí mo ní lọ́kàn nìyẹn. Mú ìbéèrè kan tí ìṣirò owó nìkan ò lè dáhùn, kó o wá máa fi yan kọ́ọ̀sì: èyí máa ràn mí lọ́wọ́ nídìí rẹ̀, tọ̀hún ò ní í ràn mí lọ́wọ́. Bí àkísà ò ṣe ní jẹ́ àkísà nìyẹn.

Ohun mìíràn tó jẹ́ kí ojú mi là: ra ìwé kékeré kan, kó o máa kọ ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu olùkọ́ méjì pẹ̀lú ìtumọ̀ tó yàtọ̀. Àpẹẹrẹ kan ni ìfaradà. Nílé ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ, tí wọ́n bá ní nǹkan ní ìfaradà, bó ṣe ń yára padà sípò lẹ́yìn ìdààmú ni wọ́n ń wí. Àmọ́ láti 1973 tí C. S. Holling, onímọ̀ nípa ẹ̀dá oníyè àti àyíká, ti kọ̀wé lórí rẹ̀, àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀dá oníyè máa ń lò ó fún iye ìdààmú tí igbó tàbí adágún lè gbà mọ́ra kó tó di nǹkan mìíràn pátápátá. Odò tó ń yára padà sípò lè jẹ́ èyí tó kù díẹ̀ kó yí. Oṣù kan ni mo fi bá ọ̀rẹ́ mi kan jiyàn kí á tó mọ̀ pé a ò sọ̀rọ̀ nǹkan kan náà. "Mọ́dẹ́ẹ̀lì" náà ń bẹ níbẹ̀, mi ò fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìyẹn.

Ìtọ́sọ́nà

Iṣẹ́ mi ni láti máa gba akẹ́kọ̀ọ́ nímọ̀ràn lórí kọ́ọ̀sì, ẹ jẹ́ kí n yára sọ èyí tí kì í dùn. Òfin yunifásítì kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, nítorí náà ka tìrẹ. Wò ó bóyá wọ́n gbà kí kọ́ọ̀sì kan wà fún ẹ̀kọ́ rẹ gan-an àti máínọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀pọ̀ ibi ló fi ààlà sí i. Wo ohun tí kọ́ọ̀sì ọdún kẹta ń béèrè kí o tó lè wọ̀ ọ́, torí kọ́ọ̀sì mẹ́fà máa ń di mẹ́jọ lójú àlá báyìí. Àwọn kan ń wáyé ní ọdún méjì méjì, kì í ṣe lọ́dọọdún, nítorí náà èyí tó ṣọ̀wọ́n ni kó o kọ́kọ́ fi sí àyè rẹ̀. Fi orúkọ sílẹ̀ ní kùtùkùtù. Mo ti rí ẹni tó ṣe gbogbo rẹ̀ parí tí kò fi orúkọ sílẹ̀.

AkápòỌ̀la

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni. Mi ò lè sùn lánàá, ẹ̀gbọ́n AyẹÌwéWò ló fà á. Mo ti mú "ta ló ni èéfín?" ní ìbéèrè mi. Ohun tí mo kọ sílẹ̀ nìyí: ìfáárà sí sáyẹ́ǹsì àyíká pẹ̀lú yàrá àyẹ̀wò rẹ̀, carbon àti ojú ọjọ́, ti ọdún kẹta ni, ọrọ̀ ajé àyíká, òfin àyíká (olùkọ́ ibẹ̀ ń ka Àdéhùn Montreal látòkè délẹ̀, mo béèrè), GIS, ìkẹfà ni ìtàn igbó àti ọdẹ, torí ó wù mí.

Òótọ́Korò

O ṣe é dáadáa ju bí mo ṣe rò lọ. Yọ GIS. Kì í ṣe pé kò dára, àmọ́ ìbéèrè rẹ kì í ṣe ti ibì kan, ti ẹni tó ni nǹkan ni. Fi sitatísítíìkì rọ́pò rẹ̀. Ìpín kẹta tí wọ́n ń sọ yẹn, ìdíyelé ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹni tí kò mọ bí a ṣe ń wọn àṣìṣe á kàn gba nọ́ńbà tí wọ́n bá gbé fún un ni.

ÀwòránIlẹ̀

Ó dùn mí, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Wá kọ́ QGIS fúnra rẹ nígbà ìsinmi, màá fi ibi tó o ti máa bẹ̀rẹ̀ ránṣẹ́.

ÀmúDánwò

Ìtàn igbó ńkọ́? Kò bá ìbéèrè lọ.

Àlọ́Ìrọ̀lẹ́

Ẹ fi í sílẹ̀ fún un, ẹ jọ̀ọ́. Márùn-ún ti ń sìn ìbéèrè, kí ọ̀kan sin ọmọ náà. Ẹni tó bá sì ti kà nípa ẹni tó ni igbó nígbà tí ọba fẹ́ gba igbó lọ́wọ́ ọdẹ, ṣé ẹ rò pé kò ní rí nǹkan sọ nípa ẹni tó ni èéfín?

ÀmúDánwò

Mo gbà. Mo jẹ̀bi.

AkápòỌ̀la

Ọ̀sẹ̀ méjì ti kọjá, mo padà dé. Mo ti fi orúkọ sílẹ̀ (Ìtọ́sọ́nà, mo gbọ́ràn). Sitatísítíìkì wọlé, GIS jáde, ìtàn igbó dúró sí àyè rẹ̀. Wàhálà tó kù ni kọ́ọ̀sì carbon yẹn. Wọ́n ní kẹ́mísírì ọdún kìn-ín-ní gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀, mi ò sì ṣe é. Olùkọ́ ní òun lè gbà mí wọlé tí mo bá kọ lẹ́tà sí òun. Kí ni mo máa sọ nínú rẹ̀?

ÀmúDánwò

Má purọ́ pé o mọ kẹ́mísírì. Sọ fún un pé wàá ti ka orí tó dá lórí gáàsì àti èyí tó dá lórí ásíìdì kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀, kó o sì kà á lóòótọ́. Tó bá há sí ọ lọ́rùn, bi mí níbí.

ÌwéÒfin

Ojú ìwé kan, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kọ ìbéèrè rẹ sí ìlà àkọ́kọ́, kó o tó sọ orúkọ ẹ̀ka rẹ.